Omi Àhámọ́ Inú Òkúta àti Orírun Wúrà Abẹ́ Ilẹ̀

Omi gbígbóná ló gbé púpọ̀ nínú wúrà, òjé àti bàbà inú iṣan òkúta dé ibi tí wọ́n wà lónìí. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, omi náà ń gba ojú ibi tí àpáta ti sán, ó ń yọ́ àlùmọ́ọ́nì lára òkúta tó bá kọjá lára rẹ̀, ó sì ń da ẹrù náà sílẹ̀ níbòmíràn nígbà tí ooru rẹ̀ bá wálẹ̀ tàbí tí ohun tó yọ́ mọ́ ọn bá yí padà. Òkúta funfun tí à ń pè ní quartz ló sábà máa ń dí ojú ibi tó sán náà, tí wúrà tàbí òjé á sì há sí i lára. Omi fúnra rẹ̀ ti lọ tipẹ́, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Bí kírísítálì quartz ṣe ń dàgbà nínú omi náà, kì í dàgbà dọ́gba. Ó ń fi ihò kéékèèké sílẹ̀ lára, omi á kó sínú ihò náà, quartz tuntun á sì bò ó pa. Ẹ̀kán omi tó bá há sínú òkúta báyìí, tí a ó máa pè ní omi àhámọ́ níhìn-ín, ni ìyókù kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú omi tó gbé àlùmọ́ọ́nì wá.

Ẹ̀kán náà kéré. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà, nítorí náà ojú lásán kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn: ohun tó ń mú kí quartz inú iṣan funfun dípò kó mọ́ gaara ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán omi tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tú ìmọ́lẹ̀ ká.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kán ni hóró afẹ́fẹ́ kan wà, tí ó máa ń mì tìtì lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí a bá rọ omi gbígbóná kún ìgò dé ẹnu, tí a dé e pinpin, tí omi náà wá tutù, àyè á ṣẹ́ kù lókè nítorí pé omi tútù kì í gba àyè tó omi gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hóró náà ṣe wọ inú òkúta. Òkúta kì í sún kì tó omi nígbà tí méjèèjì bá ń tutù. Ìlànà tó ti ibẹ̀ jáde rọrùn: bí a bá tún òkúta náà gbóná títí hóró afẹ́fẹ́ á fi pòórá, a ti sún mọ́ ìwọ̀n ooru tí omi náà ní lọ́jọ́ tó há.

Henry Clifton Sorby, ọmọ ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1858. Àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ kò kà á sí tó. Àwọn kan ń bi í léèrè bí ènìyàn ṣe lè fi máíkírósíkóòpù wo òkè. Ó gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí iṣẹ́ náà tó gbilẹ̀, nígbà tí N. P. Yermakov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti Edwin Roedder ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ẹ̀ka ìmọ̀ tó dá dúró. Ìwé ńlá tí Roedder tẹ̀ jáde ní 1984 ṣì wà lórí tábìlì àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí òkúta tó dé abẹ́ máíkírósíkóòpù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàdàn àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Òkè Màpó, tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá orí rẹ̀ ní 1929, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkè quartzite, yanrìn àtijọ́ tí abẹ́ ilẹ̀ ti sọ di òkúta líle, tó la àárín ìlú kọjá. Àpáta tó wà ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀ yí i ká jẹ́ gneiss, òkúta abilà tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ ti yí padà. Nínú ìwádìí ọjọ́ orí tí N. K. Grant tẹ̀ jáde ní 1970, gneiss Ìbàdàn ti tó nǹkan bí 2,200 mílíọ̀nù ọdún. Ẹni tó bá ṣa òkúta funfun róbótó kan ní ojú odò Kúdẹtì lè rí omi àhámọ́ nínú rẹ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò ní wúlò fún ohun tí à ń wí yìí. Odò ló gbé òkúta náà débẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ara Òkè Màpó ló ti yí wá, tàbí iṣan kan tó gba inú gneiss kọjá ní òkè odò, tàbí yanrìn àti òkúta tí kọ́lékọ́lé kan dà sílẹ̀. Omi tí a kò mọ iṣan rẹ̀ kò ní orírun tó ṣe é tọpa. Inú àpáta tó ṣì fìdí múlẹ̀ ni a ti ń gé òkúta, a ó sì kọ ibi tí a ti gé e, apá ibi tí iṣan náà dojú kọ, àti iṣan wo ló gé èwo kọjá.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Kúdẹtì. Síbẹ̀ iṣan tí kò ní wúrà nínú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí omi inú iṣan tó yàgàn bá rí bákan náà pẹ̀lú omi inú iṣan tó ní wúrà, a jẹ́ pé omi náà nìkan kọ́ ló pinnu ibi tí wúrà máa wà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà ni kí a máa lé. Ẹni tó bá kó òkúta oníwúrà nìkan wá sílé ti sọ ìdajì ẹ̀rí rẹ̀ nù.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á gé òkúta náà ní pẹlẹbẹ, wọ́n á sì dán ojú rẹ̀ méjèèjì títí yóò fi nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí acetone lè yọ́, nítorí pé bí wọ́n bá gbé e sórí iná láti yọ ọ́, ooru náà lè ba ohun tí wọ́n fẹ́ wò jẹ́.

Ìbéèrè tó kàn le ju gbogbo ẹ̀rọ lọ: ìgbà wo ni omi yìí wọlé? Omi àhámọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tó há nígbà tí kírísítálì ń dàgbà, a sì ń mọ̀ ọ́n nípa pé ó tò tẹ̀ lé ìpele ìdàgbà kírísítálì náà. Omi àhámọ́ kejì wọlé lẹ́yìn tí kírísítálì ti parí, nígbà tí ó sán tí omi mìíràn gba ibẹ̀ kọjá kí ojú sísán náà tó tún dì. Irú èyí máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìlà, ó sì máa ń gba inú kírísítálì kan bọ́ sí èkejì. Ọ̀kan wà láàárín, tó jẹ́ pé kírísítálì sán nígbà tó ṣì ń dàgbà. Nínú quartzite bíi ti Òkè Màpó, tí ìyípadà abẹ́ ilẹ̀ ti gún tó sì tún un mọ, irú kejì ni a lè retí jù. Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpáta náà lẹ́yìn ìgbà tó ti di òkúta ni ó ń sọ, kì í ṣe bí yanrìn rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ kóra jọ. Nítorí náà, ẹ̀kán kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ọ̀wọ́ ẹ̀kán tó há pọ̀ nígbà kan náà ni à ń wọ̀n, bí gbogbo wọn kò bá sì fúnni ní èsì tó sún mọ́ra, wọ́n ti bàjẹ́ tàbí a ti pín wọn sí ọ̀wọ́ tí kò tọ́. Àgbà kan tó bá fi èsì ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta ṣe ìdájọ́ odindi ibi ìwakùsà ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n jẹ́ àwo kékeré kan tó wà lábẹ́ ojú máíkírósíkóòpù. Afẹ́fẹ́ nitrogen tí a ti sọ di olómi lè mú un tutù dé nǹkan bí −196°C, iná mànàmáná sì lè mú un gbóná dé nǹkan bí 600°C. Òṣìṣẹ́ á jókòó tì í, á máa wo ẹ̀kán kan ṣoṣo. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹ̀kán kékeré kì í dì ní 0°C. Ó lè kọ̀ títí ooru á fi lọ sílẹ̀ ju −40°C lọ, kó wá dì lójijì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jẹ́ kó máa lọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí yìnyín kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ń sọ irú iyọ̀ tó wà nínú omi. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan, −21.2°C ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí calcium chloride bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí −52°C. Ìgbà tí yìnyín tó kẹ́yìn yọ́ tán ń sọ bí iyọ̀ náà ṣe pọ̀ tó: −3°C túmọ̀ sí nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, −20°C sì túmọ̀ sí èyí tó ju ìdá 22 lọ. Omi òkun, ká fi wé e, kò ju ìdá 3.5 lọ. Bí carbon dioxide bá wà nínú ẹ̀kán náà, tirẹ̀ máa ń yọ́ ní −56.6°C, bó bá yọ́ nígbà tí ó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé gáàsì mìíràn bíi methane tàbí nitrogen ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Nínú àwọn omi kan, iyọ̀ pọ̀ débi pé horo iyọ̀ onígun mẹ́rin ti jókòó sínú ẹ̀kán náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Irú èyí wọ́pọ̀ níbi tí òkúta yíyọ́ ti tú omi rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí orí ilẹ̀, bíi ti àwọn ibi ìwa bàbà ńláńlá ní Chile.

Lẹ́yìn èyí ni gbígbóná. Ìwọ̀n ooru tí hóró afẹ́fẹ́ pòórá kì í sábà jẹ́ ìwọ̀n ooru ọjọ́ tí omi náà há gan-an. Ìwọ̀n tó kéré jù tí ó lè jẹ́ ni. Ìdí ni pé àpáta tó wà lórí omi náà nígbà yẹn ń tẹ̀ ẹ́, bí ibẹ̀ bá sì ṣe jìn tó ni àfikún ooru tí a gbọ́dọ̀ fi kún èsì náà ṣe máa pọ̀ tó. Àyè kan wà tí a kò nílò àfikún yìí: bí ẹ̀kán tó kún fún omi àti ẹ̀kán tó kún fún afẹ́fẹ́ bá há sínú ọ̀wọ́ kan náà, omi náà ń hó lọ́wọ́ nígbà tó há. Inú àwọn tó ń wá wúrà máa ń dùn sí irú ẹ̀rí yìí, nítorí pé imí-ọjọ́ tó yọ́ sínú omi ló máa ń di wúrà mú, nígbà tí omi bá sì hó, gáàsì onímí-ọjọ́ náà á bá afẹ́fẹ́ lọ, wúrà á sì já bọ́.

Ooru àti iyọ̀ nìkan kò tó láti sọ ibi tí omi ti wá. Omi òjò tó rì sísàlẹ̀ jinlẹ̀ lè gbóná dé 250°C, omi tó ti inú òkúta yíyọ́ jáde sì lè tutù dé ibẹ̀. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á fọ́ òkúta náà, wọ́n á kó omi inú rẹ̀ jọ, wọ́n á wọ̀n hydrogen wíwúwo àti èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á sì wọ̀n oxygen inú quartz tó yí i ká. Omi òjò, omi òkun, omi tí òkúta tú jáde nígbà tí ooru ń yí i padà àti omi inú òkúta yíyọ́ ní ìwọ̀n tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì ìkẹyìn fẹ́ wọ inú ara wọn. Ìfiwéra bromine pẹ̀lú chlorine ń sọ bóyá òkun tí oòrùn fà gbẹ ni iyọ̀ náà ti wá tàbí ó ti inú ìpele iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yọ́ wá: nígbà tí omi òkun bá ń gbẹ, iyọ̀ ọbẹ̀ á dì, á jókòó sílẹ̀, bromine á sì ṣẹ́ kù sínú omi. Helium ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èyí tó ti ìsàlẹ̀ jíjìn abẹ́ erùpẹ̀ ilẹ̀ ayé wá ní helium-3, irú helium tó fúyẹ́, púpọ̀ ju èyí tí àwọn àpáta òkè ń mú jáde lọ, ìyàtọ̀ náà sì lè ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ laser lu ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan láti mọ iye òjé, zinc tàbí bàbà tó wà nínú omi náà fúnra rẹ̀.

Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ kan tó fi agbára ọ̀nà yìí hàn dáadáa, ìyẹn òjé àti zinc tó wà ní agbègbè Abakaliki àti Ishiagu, tó sì tún yọ síwájú dé Arufu ní àárín àfonífojì Benue. Inú shale àti limestone tó ti lé ní àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún ni iṣan wọn wà. Nítorí pé àpáta oníná wà káàkiri agbègbè náà, ó rọrùn fún àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ láti gbà pé òkúta yíyọ́ ló tú omi olójé náà jáde. Ní 1985, M. A. Olade ti Yunifásítì Ìbàdàn àti R. D. Morton tẹ ìwádìí wọn lórí omi àhámọ́ ibẹ̀ jáde. Ní 1989, S. O. Akande, M. Zentilli àti P. H. Reynolds tẹ tiwọn jáde, wọ́n sì fi isotope, ìyẹn irú wíwúwo àti irú fífúyẹ́ ti èròjà kan náà, kún un. Omi tí wọ́n bá nínú òkúta náà kò gbóná jù: ó ju 100°C lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dé 200°C. Iyọ̀ rẹ̀ ni ó yani lẹ́nu. Ó tó nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po márùn-ún omi òkun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkúta yíyọ́ kọ́ ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń fi hàn. Omi oníyọ̀ tó ti há sáàárín ìpele ẹrẹ̀ àti yanrìn láti ìgbà tí òkun bo àfonífojì náà ni ó bá mu. Ìwúwo ìpele tó ń kóra jọ lókè fún un jáde, ooru ilẹ̀ tó ga níbi tí ilẹ̀ ti ń fà ya mú un gbóná, iyọ̀ inú rẹ̀ sì di òjé àti zinc mú bó ṣe ń kọjá. Àpáta oníná ibẹ̀ lè ti fi kún ooru náà. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ òun ló ni omi. Ohun mìíràn tún mú kí ẹ̀rí Abakaliki lágbára: ìmọ́lẹ̀ lè gba inú sphalerite, òkúta tó ní zinc nínú, kọjá, nítorí náà omi tí wọ́n wọ̀n há sínú àlùmọ́ọ́nì gan-an, kì í ṣe sínú quartz tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wúrà Iléṣà gba ìṣọ́ra ju èyí lọ. Láti àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti ń fọ wúrà nínú yanrìn odò ní Ìtagúnmọdì àti àwọn ìletò àyíká rẹ̀, A. M. J. de Swardt sì kọ ìwé lórí àpáta agbègbè náà tí Àjọ Ìwádìí Ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní 1953. Ní Ìpẹ̀rìndó, wúrà wà nínú iṣan quartz àti carbonate, pẹ̀lú pyrite, àlùmọ́ọ́nì tó ní irin àti imí-ọjọ́ nínú, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítòsí ojú ibi ńlá kan tí ilẹ̀ ti ya tó gba Ifẹ̀wàrà kọjá. Ibi ìwakùsà Ṣẹ̀gilọlá, tó wà ní agbègbè yìí kan náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, rọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Keje ọdún 2021. Wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ojú ìyaya ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú àpáta tí ooru ti yí padà, wọ́pọ̀ káàkiri ayé, omi àhámọ́ wọn sì sábà máa ń jọra: omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, láti ìdá 3 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tí carbon dioxide dà pọ̀ mọ́ ọn, tí ooru rẹ̀ sì wà láàárín 250°C àti 400°C. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ gbà pé àpáta abẹ́lẹ̀ ló tú omi náà jáde nígbà tí ooru ń gbẹ omi kúrò lára àwọn àlùmọ́ọ́nì tó ní omi nínú. Ṣùgbọ́n òkúta yíyọ́ tó tutù ní ìsàlẹ̀ jíjìn náà lè tú omi tó jọ ọ́ jáde, òkúta granite tó ti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn wá kò sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Níhìn-ín ni helium àti hydrogen ti níye lórí ju ìwọ̀n ooru lọ.

Obuasi ní ilẹ̀ Aṣáńtì ní Ghana, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fi hàn bí ìtumọ̀ ṣe lè pín àwọn onímọ̀ sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1997, A. Schmidt Mumm, T. Oberthür àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé pé èyí tó pọ̀ jù nínú omi àhámọ́ wúrà Aṣáńtì kì í ṣe omi rárá: carbon dioxide ni, tí nitrogen àti methane díẹ̀ dà pọ̀ mọ́, omi tòótọ́ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá irú nǹkan tuntun kan ló gbé wúrà náà wá. Àwọn mìíràn dáhùn pé omi ti wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ ń fún quartz náà, tó sì ń lọ́ ọ, omi jò jáde gba inú àwọn àbùkù kírísítálì, carbon dioxide sì ṣẹ́ kù. Èrò kejì yìí rọrùn láti gbà ní ti pé gáàsì gbígbẹ kò lágbára tó omi láti yọ́ wúrà. Síbẹ̀ ó ní gbèsè tirẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí jíjò náà fi rí bákan náà láti iṣan kan dé èkejì lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀kán bàjẹ́ lẹ́yìn tó há kì í ṣe ti Obuasi nìkan. Fluorite àti barite kò le tó quartz, yìnyín tó ń wú nínú wọn lè fẹ ihò náà, ìwọ̀n ooru tí a bá wọ̀n lẹ́yìn náà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú irú òkúta bẹ́ẹ̀ gbóná kí wọ́n tó mú un dì, nígbà tó jẹ́ pé quartz ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú dì.

Ìṣòro tó kù fún wúrà ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà gba inú pyrite tó bá a rìn. Omi inú quartz ni à ń wọ̀n, a sì ń gbà pé quartz àti wúrà dé pọ̀. Wọ́n lè má dé pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣan, quartz ló kọ́kọ́ kún ojú sísán náà, ó tún sán, wúrà sì bá omi mìíràn wá gba ojú tuntun. Ọ̀nà kan láti yẹ̀ ẹ́ wò ni máíkírósíkóòpù tó ń lo ìtànṣán infrared, tó lè wọ inú wolframite, stibnite àti àwọn pyrite kan. Ọ̀nà kejì kò ná owó púpọ̀: kí a wo òkúta pẹlẹbẹ náà fínnífínní kí a tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí a wá horo wúrà tó jókòó sórí ìlà ẹ̀kán omi kan, kí a sì wọ̀n ẹ̀kán ìlà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ irú kejì tí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ní kí a fò kọjá.